Páì Ápù Tí Kò Ní Ẹ̀pà Nínú

Aṣọ la ń tà ní Gbági, ṣùgbọ́n ọmọ kì í jẹ yáàdì. Ẹ̀pà dùn, àmọ́ ara ọmọ mìíràn kò gbà á. Bó bá jẹ díẹ̀ báyìí, ètè á wú, ara á máa yún un, mímí á ṣòro. Ẹ gbé e lọ ọsibítù kíákíá.

Páì tirẹ̀ rèé: fúláwà agolo mílíìkì 3, bọ́tà agolo 1, iyọ̀ díẹ̀. Ẹ fọwọ́ rún un pọ̀, ẹ fomi tútù díẹ̀ pò ó. Ẹ gé ápù 4 wẹ́wẹ́, ẹ bu ṣúgà sí i. Bí ápù bá wọ́n, ọ̀pẹ̀yìnbó tí a fún omi rẹ̀ dáadáa náà ṣe é ṣe. Ẹ tẹ́ fúláwà sí páànù, ẹ da èso lé e, ẹ fi ìyókù bò ó.

Kò sí ófùnù? Ẹ da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin, kó gbóná, ẹ gbé páànù lé e, ẹ dé e, ẹ kó èédú tó ti ràn sórí ọmọrí, títí á fi pọ́n.

Ẹ má fi òróró ẹ̀pà pa páànù o! Ọ̀bẹ tó kan ẹ̀pà, ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì ń tà á, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún oníbàárà. Ajé á wọgbá o.