Ìtun, Ọ̀pẹ àti Aràn Kékeré

Ní sọ́míìlì kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lẹ́bàá títì tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, pákó arère ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ìyẹ̀ funfun kún mi lọ́wọ́, ó kúnná bí ìyẹ̀ròsùn ojú ọpọ́n Ifá. Ihò wẹ́wẹ́ kún ara pákó náà.

"Kòkòrò ti jẹ inú ẹ̀ tán," ni ọ̀gá tó ń ta pákó wí. "Bí ẹ bá kàn án níṣòó, fífọ́ ni."

Mo sọ fún un pé aràn kan wà tó ń pa kòkòrò ajẹgi. Ó rẹ́rìn-ín. "Aràn? Èyí tó ń ba iṣu jẹ́?"

Ìbátan ni wọ́n, àmọ́ oúnjẹ wọn yàtọ̀. Aràn tí mò ń sọ, Steinernema carpocapsae, kì í fọwọ́ kan iṣu. Kò gùn tó mìlímítà kan, ẹnu tàbí ihò tí kòkòrò fi ń mí ló sì ń gbà wọlé. Bó bá ti wọlé, á tú bakitéríà tó gbé sínú sí ẹ̀jẹ̀ kòkòrò náà. Láàárín ọjọ́ méjì, kòkòrò ti kú. Aràn á jẹun níbẹ̀, á bímọ níbẹ̀, àwọn ọmọ á sì tú jáde lọ wá òmíràn.

Síbẹ̀, kò lè gba pákó ọ̀gá yìí là. Inú ọ̀rinrin ni aràn náà ń rìn. Igi gbígbẹ, ikú ni fún un.

Mo bá kọjá sí oko ọ̀pẹ kan. Bàbá olóko ní kí n gbé etí lé ọ̀pẹ kan tí imọ̀ rẹ̀ ń rọ. Mo gbọ́ ọ, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò. Ìtun ni, ọmọ kòkòrò Rhynchophorus phoenicis. Ojú ọgbẹ́ tí adẹ́mu dá sára ọ̀pẹ wà lára ibi tí ìyá wọn ń yé ẹyin sí.

Irú igi tútù báyìí ló bá aràn lára mu. Ní Sípéènì, wọ́n ń pò ó mọ́ omi, wọ́n ń fọ́n ọn sórí ọ̀pẹ déètì láti pa ìbátan ìtun tó ń run wọ́n.

Bàbá gbọ́ mi tán, ó mi orí. "Ìtun ni ìyá àwọn ọmọ mi ń tà lọ́jà. Bí aràn rẹ bá pa gbogbo ẹ̀, kí la ó máa dín?"

Ó ronú díẹ̀, ó wá fi àdá tọ́ka sí ọ̀pẹ kan tó ti wó.

"Ìyẹn, ti ìyàwó mi ni. Àwọn tó dúró, gbé aràn rẹ wá fún wọn. Àmọ́ dúró dìgbà òjò. O ní omi ló fẹ́."