Nígbà tí Ojú àti Ohùn Kò Tó Ẹ̀rí Mọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, òṣìṣẹ́ kan tó ń bójú tó owó ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Arup tó wà ní Hong Kong rí lẹ́tà gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ọ̀gá àgbà ètò ìnáwó wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́, ó sì fẹ́ kí owó kan lọ ní bòńkẹ́lẹ́. Ara fu òṣìṣẹ́ náà. Ìpè fídíò ló pa ìfura rẹ̀: ó rí ọ̀gá, ó rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá mọ̀, ó gbọ́ ohùn wọn. Ó fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí àkáǹtì márùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ tó mílíọ̀nù 200 dọ́là Hong Kong, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là Amẹ́ríkà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ tó rí nínú ìpè náà kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rọ AI ló ya wọ́n. Arup kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré: àwọn ni ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò òrùlé Sydney Opera House. Kókó ibẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ yìí kò sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ó fura, ó sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ojú àti ohùn tí gbogbo wa fi ń dá ara wa mọ̀ ló fi yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn gan-an sì ni oníjìbìtì ti rọ sílẹ̀ dè é.

Ẹni tó bá ní jìbìtì kì í ṣe tuntun kò parọ́. Gbájúẹ̀ ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ohun tó yí padà ni bí iṣẹ́ náà ṣe rọrùn tó báyìí. Ní 2019, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san 220,000 Yúrò nítorí ohùn kan lórí fóònù tó jọ ti ọ̀gá rẹ̀ ní Jámánì, títí dórí bí ará Jámánì ṣe ń fọ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun àrà ni lásìkò náà. Nígbà tó fi di oṣù kìn-ín-ní 2023, Microsoft kéde ẹ̀rọ VALL-E tó lè fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré nínú ohùn èèyàn ṣe ayédèrú ohùn náà. Ìkíni àárọ̀ tí Yorùbá kan ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp gùn ju ìyẹn lọ dáadáa. Láti ìgbà náà, ayédèrú ohùn ti dé ọ̀pọ̀ ibi. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, àwọn olùdìbò gbọ́ ayédèrú ohùn Ààrẹ Biden ní oṣù kìn-ín-ní 2024 tó ní kí wọ́n má jáde dìbò abẹ́nú. Ní Ítálì, ní oṣù kejì 2025, ayédèrú ohùn mínísítà ètò ààbò gba owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan Yúrò lọ́wọ́ Massimo Moratti, tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Inter nígbà kan. Àwọn ọlọ́pàá rí owó náà dì mú ní Netherlands.

Ti ìgbanisíṣẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. KnowBe4 jẹ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2024 wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ẹnì kan lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin lórí fídíò, wọ́n wádìí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gbà á síṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkòrò sínú rẹ̀. Ará Àríwá Kòríà ni. Àwòrán rẹ̀, AI ló tún un ṣe. Orúkọ tó ń jẹ́, ti ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n jí ìdánimọ̀ rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ìwádìí ẹ̀yìn kò fi rí àbùkù kankan.

Àwọn kan á ní ìdí nìyí tí ìjọba fi fún wa ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ní Nàìjíríà, BVN, nọ́ńbà ti báńkì, bẹ̀rẹ̀ ní 2014, wọ́n ní kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, nọ́ńbà ti orílẹ̀-èdè, ní ìparí 2020, nígbà tó sì di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta 2024, àkáǹtì tí kò ní BVN tàbí NIN kò gbọdọ̀ fi owó ránṣẹ́ mọ́. Mi ò lòdì sí i. Ó ti sé ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ olè. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í ṣe èèyàn, ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà rẹ lè pe ara rẹ̀ ní ìwọ. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ Paradigm Initiative kéde pé ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ₦100 péré. Àwọn ọlọ́pàá Hong Kong sì ti rí i pé káádì ìdánimọ̀ mẹ́jọ tó sọnù ni wọ́n fi tọrọ ẹ̀yáwó nígbà 90, tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì 54, tí ayédèrú ojú sì tan ẹ̀rọ tó ń yẹ ojú wò ní ó kéré tán ìgbà 20. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n bá jí, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Ojú ńkọ́? Ọjọ́ ìbí ńkọ́?

Ṣé kí a wá fi ẹ̀rọ mú ẹ̀rọ ni? Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ṣe é lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn olè ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń wà. Ẹ wo Ferrari ní oṣù keje 2024: ayédèrú ohùn Benedetto Vigna, ọ̀gá àgbà wọn, pe ọ̀kan nínú àwọn alákòóso lórí ọ̀rọ̀ àṣírí kan. Alákòóso náà bi í pé, ìwé wo lẹ ní kí n kà lọ́jọ́sí? Ìpè já. Kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ya òun àti òṣìṣẹ́ Arup sọ́tọ̀ ni pé ó bèèrè ohun tí ojú àti ohùn kò lè dáhùn. Àrokò àwọn baba wa kò jìnnà síyẹn: iye owó ẹyọ, àti bóyá wọ́n kọjú síra tàbí kẹ̀yìn síra, ló ń jíṣẹ́, kì í ṣe ojú ẹni tó gbé e wá. Àwọn oníṣòwò á ní irú èyí ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìpè kan péré ló máa ń gbà. Owó ńlá tí ẹnì kan lè dá fọwọ́ sí láìpe ẹlòmíràn ló yẹ kó dẹ́rù bani.

Ọ̀rọ̀ tó sì yẹ kí a yéé sọ ni pé ojúkòkòrò ló ń kó gbogbo ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì sí i. Àdánù tí wọ́n fi tó FBI létí lórí ìwà ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì lọ sókè láti bílíọ̀nù 12.5 dọ́là ní 2023 sí 16.6 ní 2024; kì í ṣe AI ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ló pàdánù jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ keje oṣù kẹwàá 2024, báńkì gbọ́dọ̀ dá owó padà fún ẹni tí wọ́n tàn fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, tó fi dé 85,000 pọ́ùn. Báńkì tó fi owó ránṣẹ́ á san ìdajì, èyí tó gba owó náà á san ìdajì. Àwọn kan kígbe pé yóò sọ àwọn èèyàn di aláìbìkítà, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ bá kọjá ààlà sílẹ̀. Báńkì tó ṣí àkáǹtì fún olè ló lè dá a mọ̀ jù, òun ló sì yẹ kó san nínú rẹ̀. Irú òfin yìí tọ́ sí Nàìjíríà náà, níbi tí àjọ EFCC ti mú afurasí 792 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ilé kan ní Victoria Island ní oṣù Kejìlá 2024, àwọn àjèjì àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n fi ń dẹkùn ìfẹ́ àti òwò ayédèrú fún àwọn èèyàn lókè òkun.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín wà ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú, ẹ fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan láàárín ara yín lónìí, kí ẹ má kọ ọ́ sórí fóònù. Bí ohùn ọmọ bá pè yín pé òun wà nínú wàhálà, òun ń fẹ́ owó kíákíá, ẹ pa ìpè náà, kí ẹ fi nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ pè é padà kí owó tó kúrò ní báńkì.