Àwòrán fún Ojú Aláìsàn

Lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, fọ́tò gómìnà ni aláìsàn ń wò. Kí ni ìyẹn fẹ́ sọ fún aboyún tí ń rọbí? Ní nǹkan bí ọdún 1512 sí 1516, Matthias Grünewald ya àwòrán pẹpẹ fún àwọn mọ́ńkì Isenheim, ní ilẹ̀ Faransé òde òní. Àwọn tí ọkà bíbàjẹ́ kó àrùn bá, tí ara wọn ń jó bí iná, ni wọ́n ń tọ́jú. Ó ya Olúwa lórí àgbélébùú, egbò kún gbogbo ara Rẹ̀ bíi tiwọn. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, a ó ṣí ilẹ̀kùn pẹpẹ náà. Àjíǹde ni wọn yóò rí, awọ ara Rẹ̀ ti jọ̀lọ̀, ojú ìṣó ṣì wà níbẹ̀. Bí àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa bá mú wa ya ògiri yàrá ìgbẹ̀bí kan ní Kúta, kí ayàwòrán kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn ìyá ibẹ̀.