Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Nígbà tí epo bá ba odò jẹ́, ta ni òfin dá lẹ́bi?

Lọ́dún 2008, páìpù epo rọ̀bì iléeṣẹ́ Shell jò lẹ́ẹ̀mejì ní Bodo, ìlú àwọn apẹja nílẹ̀ Ogoni, Ìpínlẹ̀ Rivers. Epo dúdú bo ojú odò, ó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi etí omi, ó sì pa akàn àti ìṣáwùrú. Odò tó ń bọ́ ọmọ dohun tí ìyá ń lé ọmọ kúrò nínú rẹ̀.

Kí ni òfin wí?

Òfin páìpù epo Nàìjíríà ti ọdún 1956 sọ pé ẹni tí epo tó jò bá ṣe lọ́ṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ ẹni tó ni páìpù. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọ̀bàyéjẹ́ ló bẹ́ páìpù náà, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Ìdí nìyí tí ohun tó fa jíjò fi máa ń dá awuyewuye sílẹ̀.

Àwọn ará Bodo gbé ẹjọ́ wọn lọ sí London. Shell gbà pé ẹ̀bi òun ni jíjò méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn ò fẹnu kò lórí iye epo tó dà. Ní oṣù Kíní ọdún 2015, wọ́n yanjú rẹ̀ sí mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn: mílíọ̀nù 35 fún àwọn èèyàn bí 15,600, mílíọ̀nù 20 fún ìlú.

Fífọ odò náà mọ́ ṣì gba ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain tún gbà kí àwọn ará Ogale àti Bille, ìlú méjì mìíràn tí epo bà jẹ́ ní Nàìjíríà, pe iléeṣẹ́ ìyá Shell fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ka rẹ̀ ní Nàìjíríà nìkan, lẹ́jọ́ ní London.