Àmì Bipolar Nínú Ẹ̀jẹ̀: Kí Ni Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Kan Lè Sọ fún Ará Goubi?

Bí ara ẹnì kan bá gbóná ní Goubi, a lè gún un níka, kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sì sọ fún wa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá ibà ẹ̀fọn ni. Bó bá jẹ́ ọkàn ni àìsàn wà, ìbéèrè ni dókítà máa ń bi í, ìdáhùn ló sì gbẹ́kẹ̀ lé. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí gbogbo Tógò mọ̀ wà ní Zébé, lẹ́bàá Aného, létí òkun. Goubi wà ní àgbègbè Tchamba, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà.

Ẹni tó ní bipolar a máa ní àsìkò tí kò ní sùn, tí ọ̀rọ̀ á máa sáré jáde lẹ́nu rẹ̀, tí á máa náwó tí kò ní. Á tún ní àsìkò ìrẹ̀wẹ̀sì, tí kò ní lè dìde lórí ẹní. Ìgbà ìrẹ̀wẹ̀sì ló sábà máa ń wá ìtọ́jú. Bí dókítà bá rò pé ìrẹ̀wẹ̀sì lásán ni, tó sì fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, oògùn náà lè tì í sí apá kejì. Ìdí nìyí tí a fi ń wá àmì nínú ẹ̀jẹ̀.

Ní 2023, Jakub Tomasik, Sabine Bahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Cambridge gbé iṣẹ́ kan jáde. Àwọn tó kópa gún ara wọn níka nílé, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà, ó gbẹ, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Èròjà tó lé ní 600 ni wọ́n wò nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí nìkan lè dá nǹkan bí 30 mọ̀ nínú 100 aláìsàn bipolar. Bí a bá fi ìbéèrè kún un, ó tún dára sí i. 30 kò pọ̀, ṣùgbọ́n bébà gbígbẹ kò nílò yìnyín láti Kambolé dé Sokodé. Irú bébà bẹ́ẹ̀ náà la fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìkókó wò fún HIV ní Áfíríkà.

(Àwọn kan á ní a ti ń fi ẹ̀jẹ̀ wo bipolar tipẹ́. Lithium ni wọ́n ní lọ́kàn, oògùn tí John Cade kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1949. Oògùn là ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, kó má baà pọ̀ jù.)

Ibi tó ń kọ mí lóminú nìyí. Àwọn olùwádìí ti rí i pé CRP àti interleukin-6, tó ń fi hàn pé ara ń bá nǹkan jà, máa ń ga díẹ̀ lára àwọn aláìsàn bipolar. Ibà ń gbé wọn sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà òjò ní Goubi, èwo nínú méjèèjì ni CRP yóò jẹ́rìí sí? Ìwádìí àbùdá ńlá ti 2021 náà kó aláìsàn tó lé ní 41,000 jọ, ìran Yúróòpù ni gbogbo wọn. Ó yẹ ká dán àmì wọ̀nyí wò lára àwọn ará ibí kí a tó gbà wọ́n.

Ìbéèrè tó ń bá bébà rìn sì ní wàhálà tirẹ̀. Bí a bá bi ẹni tí kò tíì sùn fún ọjọ́ mẹ́rin pé ṣé ara rẹ̀ yá, á ní ó yá gágá, òótọ́ ló sì sọ. Mo ti tún ìbéèrè yẹn kọ lóríṣiríṣi. Èyí tó sàn jù lójú mi ni èyí tí a ó bi ẹni tí wọ́n jọ ń gbé: “Wákàtí mélòó ló sùn lóru àná?”