Iṣẹ́ Ilé-Ìwé Ọmọ: Ìbéèrè Kan Tó Ṣeé Wọ̀n Ju Ogún Lọ

 

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà nílé-ìwé ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tíṣà máa ń ní kí ọmọ mú ohun kan nínú sáyẹ́ǹsì, kó béèrè ìbéèrè kan nípa rẹ̀, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wá ìdáhùn. Project ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń mú roller coaster, ìyẹn ọkọ̀ eré tó ń gun òkè lórí irin, tó ń já wálẹ̀ ṣòòròṣò, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń ké yèè. Orí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń rí i. Ìyá á ní òun ò kàwé tó bẹ́ẹ̀, á kówó fún ẹni tó ń bá wọn ṣe project. Onítọ̀hún á fi páálí àti gọ́ọ̀mù ṣe é, á dùn ún wò. Ṣùgbọ́n tí tíṣà bá ní kí ọmọ sọ ohun tó rí kọ́, ọmọ á dákẹ́ bí ẹni tó pọnmi sẹ́nu. Owó lọ, ọgbọ́n ò dé.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lo kóńgò, tó sì mọ èrè yàtọ̀ sí owó ọjà, lè ran ọmọ lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọkọ̀ náà ṣe ń rìn.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ẹ́ńjìnnì lára. Ṣéènì ló ń fà á gun òkè àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀, òòfà ilẹ̀, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa ohun gbogbo wálẹ̀, ló ń mú un sáré. Gíga tó gùn yẹn ni owó tó kó dání. Gbogbo òkè tó bá tún gùn, inú owó yẹn ló ti ń ná an. Irin tó ń ha ara wọn àti afẹ́fẹ́ tó ń dè é lọ́nà náà ń gba tiwọn, bí onítíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyí tí òkè kejì kò fi lè ga ju ti àkọ́kọ́, àyàfi tí ẹ̀rọ bá tún fà á.

Ìbéèrè ló mú iṣẹ́ yìí dàgbà. Lọ́dún 1884, LaMarcus Thompson ṣí tirẹ̀ ní Coney Island, ní New York nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Sẹ́ǹtì 5 ni wọ́n ń san, eré rẹ̀ kò sì ju bíi máìlì 6 ní wákàtí kan lọ. Lọ́dún 1895, wọ́n ṣe Flip Flap níbẹ̀, èyí tó ń gbé èèyàn yí po nínú òrùka. Òrùka náà rí roboto, ó sì ń dun àwọn èèyàn lọ́rùn. Ní 1976, wọ́n ṣe Revolution ní California. Òrùka tiẹ̀ kò rí roboto mọ́, ó rí bí ẹ̀kán omi: orí rẹ̀ tín-ín-rín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀. Ẹnìkan ti ní láti béèrè pé: bí a bá yí bí òrùka ṣe rí padà ńkọ́?

Wàyí o, ìbéèrè wo ni kí ọmọ mú? "Báwo ni roller coaster ṣe ń ṣiṣẹ́?" ti fẹ̀ jù. Ó dà bí oníbàárà tó dé ọjà tó ní "èló ni?" láìsọ ohun tó fẹ́ rà. "Èwo ló dára jù?" náà kò dáa, torí ohun tó wu Táyé lè má wu Kẹ́hìndé. Ìbéèrè tó dáa ni èyí tí ọmọ lè yí nǹkan kan ṣoṣo padà nínú rẹ̀, kó sì fi téèpù tàbí òǹkà wọn ìdáhùn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: "Báwo ni ibi tí mábù ti bẹ̀rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ga tó kó tó lè yí òrùka po láìjábọ́?" Fóòmù dúdú tí àwọn tó ń so ẹ́sì máa ń wọ̀ sára páìpù ni kí ẹ wá. Ẹ là á sí méjì gbọọrọ, á dà bíi gọ́tà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní òrùka tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fi sẹ́lótéèpù dè é. Kí ọmọ fi téèpù télọ̀ wọn ibi tí mábù ti máa bẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ òrùka. Kó bẹ̀rẹ̀ láti 30, kó máa fi 5 kún un. Ní gíga kọ̀ọ̀kan, kó ju mábù náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó kọ iye ìgbà tó yí po sílẹ̀. Ọjà tó tà lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ọjà tó ń tà.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ìṣirò fi hàn pé 30 kò ní tó. Mábù tó ń yí nílò bíi 40, bí fóòmù kò bá tilẹ̀ gba nǹkan kan. Fóòmù á sì gba tiẹ̀, nítorí náà á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kó má pààrọ̀ mábù, kó má pààrọ̀ òrùka. Ẹni tó pààrọ̀ ìsọ̀, tó pààrọ̀ kóńgò, tó tún dín owó lọ́jọ́ kan náà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó mú ọjà tà? Ohun tó bá sì rí ni kó kọ, bí kò tilẹ̀ bá èrò rẹ̀ mu. Ìwé owó tí a yí kì í pẹ́ tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mábù jìnnà sí ọmọ kékeré, kó má lọ gbé e mì.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wákàtí kan tí ẹ bá fi jókòó ti ọmọ lẹ́yìn ọjà ju owó tí ẹ máa fún oníproject lọ. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ wa o. Àṣẹ.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́