Ṣé O Mọ̀? Wáyà Fóònù Ń So Kọ̀ǹpútà Pọ̀

Ṣé o mọ̀ pé wáyà fóònù tó wà nínú ògiri ilé iṣẹ́ àtijọ́ lè gbé nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà, kó sì gbé e dáadáa? Nígbà tí ìlànà Ethernet tí wọ́n ń pè ní 10BASE-T jáde ní 1990, irú wáyà yìí gan-an ni wọ́n ní lọ́kàn: mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dé 100 mítà.

Ṣé o mọ̀ pé Alexander Graham Bell ló gba ìwé àṣẹ lórí lílọ́ wáyà méjì mọ́ra, ní 1881? Wáyà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ fóònù ń lò nígbà náà, ilẹ̀ ló ń dá iná padà. Bí tíráàmù oníná ṣe wá ń pọ̀ nígboro Amẹ́ríkà, ariwo rẹ̀ ń da ọ̀rọ̀ rú lórí fóònù, ni wọ́n bá gba wáyà méjì lò.

Báwo ni lílọ́ ṣe ń lé ariwo? Ẹ̀rọ tó ń fi dátà ránṣẹ́ máa ń fi iná kan sórí wáyà àkọ́kọ́, á fi òdìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́ sórí èkejì. Ẹ̀rọ tó ń gbà á kì í wo wáyà kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń kà. Bí ariwo bá ti ara mọ́tò tàbí wáyà ìtòsí wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà ni yóò ba àwọn méjèèjì, torí pé wọ́n ń gbapò ara wọn jálẹ̀ kéèbù. Yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ariwo á pa rẹ́, dátà á ṣẹ́ kù. Lójú tèmi, lílọ́ yìí níye lórí ju bàbà fúnra rẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé kéèbù coaxial ni Robert Metcalfe àti David Boggs fi bẹ̀rẹ̀ Ethernet ní Xerox PARC ní 1973? Èyí tó gbòde lẹ́yìn náà nípọn, ó le, kò rọrùn láti gbà yí igun ògiri. AT&T gbé StarLAN jáde sórí wáyà fóònù, mẹ́gábíìtì 1 péré. Èyí tó wú mi lórí jù ni PhoneNet ti ilé iṣẹ́ Farallon, fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Macintosh. Nínú wáyà mẹ́rin tó wà nínú okùn fóònù ilé Amẹ́ríkà, pupa àti àwọ̀ ewé ni fóònù ń lò. PhoneNet mú dúdú àti yẹ́lò tó wà láìníṣẹ́. Fóònù ń dún, ìwé ń lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, okùn kan náà ló ń gbé wọn.

Ṣé o mọ ìdí tí 10BASE-T fi lo ẹsẹ̀ 1, 2, 3 àti 6 nínú plọ́ọ̀gì, tó fo 4 àti 5? Àárín yẹn ni fóònù ń gbà.

Búlúù, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, búráùn: àwọ̀ mẹ́rin inú kéèbù nẹ́tíwọ̀kì òde òní, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fa wáyà fóònù ni wọ́n ti wá. Karùn-ún tiwọn, àwọ̀ eérú, ni kò bá wọn dé ibí.

Kì í ṣe gbogbo wáyà fóònù ló dára fún iṣẹ́ yìí o. Okùn pẹlẹbẹ tó ń ti ara ògiri lọ sára fóònù kì í sábà lọ́ rárá. Fi so kọ̀ǹpútà méjì, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì lè tàn, kí inú rẹ dùn. Jẹ́ kí fáìlì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá: dátà á máa sọnù, ẹ̀rọ á máa tún un rán, ọ̀rọ̀ á wá di ìrìn ìgbín. Àbùkù kan tún wà tó fara pamọ́ ju èyí lọ. Kéèbù lọ́ dáadáa, àmọ́ ẹni tó de plọ́ọ̀gì to wáyà méjì-méjì tẹ̀ léra: 1 àti 2, 3 àti 4, 5 àti 6. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú á tan iná fún gbogbo wọn, torí iná ń kọjá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ 3 àti 6, tó yẹ kí wọ́n jọ lọ́ mọ́ra, ti wá láti ara méjì-méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kódà lórí Cat 5, kéèbù tí wọ́n ṣe fún nẹ́tíwọ̀kì, ibi tí o máa tú láti wọ plọ́ọ̀gì kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 13 lọ.

Ṣé o mọ̀ pé iná wà lára wáyà tí fóònù ṣì ń lò? Nǹkan bí fóltì 48 ni nígbà tó dákẹ́. Bí ó bá ń dún, ó lè tó 90. Já a kúrò lára ti ìta kí o tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn.

Ohùn èèyàn lórí fóònù kì í kọjá 3,400 hertz. ADSL, ìlànà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì lórí wáyà fóònù, gba òkè rẹ̀, láti nǹkan bí 25,000 dé mílíọ̀nù kan ó lé díẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì sì wọlé láìdí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, fóònù oníwáyà ti NITEL, ilé iṣẹ́ fóònù ìjọba, kò dé ilé ọ̀pọ̀ èèyàn kí GSM tó dé ní 2001, nítorí náà ilé ìjọba àti ilé iṣẹ́ àtijọ́ ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ní kí wọ́n fọ́ ògiri láti fa kéèbù tuntun, ẹ bó èèpo wáyà àtijọ́ náà wò. Bó bá lọ́, tí bàbà rẹ̀ kò sì tíì dípẹtà, ẹ dán an wò ná.

Ṣé o sì mọ̀ pé ní 2019 wọ́n fọwọ́ sí ìlànà 10BASE-T1L? Wáyà méjì péré tí a lọ́ mọ́ra, mẹ́gábíìtì 10, kìlómítà kan gbáko, iná sì lè bá dátà rìn lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ṣe é fún, láti so àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn ooru àti bí epo ṣe ń ṣàn nínú páìpù.